Àgùntàn Tó Kù Lórí Òkè

Dókítà Ísleifur fa bébà yọ, ó fẹ́ yàwòrán.
Ó ya róbótó kan, ó ya òmíràn tì í,
ó ní, "Steinvör, kókó inú ọmú yìí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo."
Mo ní kó gbé bíró sílẹ̀.
Ó di ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti ń da àgùntàn
ní àfonífojì tó wà lẹ́yìn Akureyri níbí.
Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ agbo ni, jẹ́ ká jọ sọ ọ́.

Oṣù kẹfà la máa ń tú wọn sílẹ̀ gun òkè.
Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn.
Tó bá di oṣù kẹsàn-án, gbogbo abúlé á gẹṣin,
a ó kó wọn wálé sínú ọgbà olókùúta.
Wá wo àwọ̀ nígbà náà!
Funfun, dúdú, eléérú, aláwọ̀ obì,
abilà lójú bí ẹni sunkún tiro.
Ìyá kan náà lè bí mẹ́ta tí kò jọra.
A kì í wojú mọ ẹran. Etí là ń wò.
Ilà méjì létí òsì: tiwa nìyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," Ísleifur sún àga mọ́ mi.
Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú kókó mi kọlà létí;
hóró òògùn tí mò ń gbé mì láràárọ̀,
ilà yẹn ló ń wá kiri.
Àwọn mìíràn, etí wọn ń dán,
olóólà kankan ò fọwọ́ kàn wọ́n rí.
Òògùn á wò wọ́n létí, á kọjá.

Ó wá dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní àwọn kan tún wà láàrin wọn, wọn ò pọ̀,
wọ́n lè má tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún.
Àwọn yẹn kì í sáré. Wọ́n ń sùn.
Oró tí wọ́n fà sí mi ní iṣan,
tó rẹ́ mi lórí kodoro bí ẹran ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn,
ẹni tó ń sáré ló mọ̀ ọ́n lé.
Tí ìjì bá lọ tán, ẹni tó sùn á jí,
á bí funfun, á bí dúdú,
á bí ẹni tó kọlà àti ẹni tí kò kọ ọ́.

Mo bú sẹ́rìn-ín.
Dagrún ọmọ mi wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.
Mo ní, ṣé o rántí Móra?
Lọ́dún tí yìnyín tètè já lù wá,
a ka ẹran, ó ku ọ̀kan. Bàbá rẹ ní ó ti kú.
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ajá ló ń fi ẹsẹ̀ wúlẹ̀ níbì kan.
Ó wà lábẹ́ yìnyín,
nínú ihò tí èémí ara rẹ̀ yọ́ fún un.
Ó ti jẹ irun ìhà rẹ̀ kan tán.
Ó jáde, ó gbọn ara,
ó wò wá bí àlejò tó pẹ́ kó tó dé.
Lọ́dún kejì, ó bí ìbejì.
Ìdajì agbo tó wà nílé wa lónìí, ìran Móra ni.

Mo jó lọ́jọ́ tá a rí i.
Ijó yẹn ló wá ń gún mi báyìí bí òkúta inú bàtà.

Ísleifur ò parọ́ fún mi.
Ó ní òògùn tó lè jí wọn kó sì mú wọn,
wọ́n ṣì ń wá a. Ó ní, "A ó máa kà ni."
Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà mẹ́fà.
Ó dáa. Kíkà ò ṣàjèjì sí mi.

Nígbà tá a ń padà lọ sílé, mo ní kí Dagrún dúró lẹ́bàá òkè.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ìborùn wé orí mi tó pá,
mo tẹjú mọ́ funfun yẹn títí ojú fi ń ro mí,
bóyá mo lè rí ihò kékeré kan
tí èémí ti ń rú jáde bí èéfín.

Kò sí. Lónìí, kò sí.
Òtútù ń mú mi lẹ́sẹ̀.
Mo wọlé sọ́kọ̀.